Ìkìlọ̀ Mẹ́tàdínlógójì àti Ojú Ìyá Bàbá Mi

Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n. Mo kà wọ́n láàárọ̀, mo tún wọn kà lọ́sàn-án, n kò mọ ìdí tí mo fi rò pé wọ́n á dín tí mo bá ń kà wọ́n. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹ́yẹrunkà ni mo ti máa ń ṣiṣẹ́, nítorí atẹ́gùn máa ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kọ̀ǹpútà mi kì í sì í gbóná púpọ̀ níbẹ̀. Ìyá bàbá mi á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí mo bá pòṣé, á béèrè pé ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Èmi náà á dáhùn pé wọ́n wà níbẹ̀, Màmá.

Èdè Java ni mo fi ń jẹun. Gbogbo ẹni tó ń fi kọ ètò sórí kọ̀ǹpútà mọ kọ̀ǹpáílà, òun ló máa ń ka ohun tí a bá kọ kí ẹ̀rọ tó gbà á. Tó bá rí àṣìṣe, á kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ ò ní lọ síwájú. N kò bá a jà lórí ìyẹn rí, torí ẹni tó kọ̀ fún èèyàn lójúkojú ti ṣe é lóore. Ìkìlọ̀ ni èmi ò fẹ́ràn. Ìkìlọ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Á jẹ́ kí o kọjá, á wá máa kùn lẹ́yìn rẹ bí ìyálé tí wọn ò bu ọbẹ̀ fún.

Ohun kan náà ló sì ń kùn nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì. Ó ní mo sọ pé ọjọ́ ìbí nìkan ló wà nínú àkójọ yìí, òun ò yẹ̀ ẹ́ wò, òun ò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá dójú ọ̀gbagadè, kí n má ṣe sọ pé òun ò sọ fún mi.

Ilé ìwòsàn ojú kan ní apá Òkè-Àdó ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Àwọn dókítà kan ń bọ̀ láti òkè òkun, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n máa lò, wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn arúgbó ìlú láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ti fi ẹnu kò pé àgbà ló máa ṣáájú. Ètò tí mo ń ṣe ni yóò to orúkọ àwọn èèyàn náà láti orí ẹni tó dàgbà jù lọ wá sísàlẹ̀, nọ́ọ̀sì á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, á sì máa pè wọ́n wọlé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra.

Ìyá bàbá mi wà lára wọn. Òun ló tọ́ mi láti kékeré. Aṣọ ló tà ní Gbági títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ òsì ti lọ. Ọ̀tún ló kù, funfun kan sì ti ń bo ẹyinjú náà, débi pé bí mo bá dúró níwájú rẹ̀, òjìji lásán ló ń rí. Ilé ìwòsàn méjì ti wò ó, wọ́n ní ojú tó ti pẹ́ tó báyìí ju ọwọ́ àwọn lọ. Dókítà ti Òkè-Àdó fi iná wò ó, ó pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ yìí lè ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá fi lè kọjá ìgbà yìí, kó tó di pé wọ́n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ojú náà á ti lọ, kò sì sí ẹni tó máa lè dá a padà. N kò sọ ìyẹn fún ìyá bàbá mi. Mo kàn sọ fún un pé wọ́n máa ṣe é.

Kì í ṣe èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ètò náà. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́ ṣáájú mi, ó sì ti jápa lọ sí Kánádà. Kò sọ ohun tó yẹ kó wà nínú èyíkéyìí nínú àwọn àkójọ tó dá sílẹ̀. Àpò lásán ni wọ́n, ohun gbogbo ló ń wọ inú wọn, ì báà ṣe ọjọ́, ì báà ṣe nọ́ńbà, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo kọ̀wé sí i lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló tó dáhùn. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún kí mi kú òòrùn Ìbàdàn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù náà sínú kọ̀tá.

Lọ́jọ́ kan ìyá bàbá mi bi mí pé kí ni àwọn ìkìlọ̀ yìí ń sọ gan-an tí n ò fi jẹun mọ́. Mo ní ó dà bí ìdì aṣọ ní Gbági, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé àǹkárá ló wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tú wò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ra irú ìdì bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà, àǹkárá ló wà lókè, àkísà ló wà láàárín, òun jókòó lé e lórí, òun sunkún bí ọmọdé. Látọjọ́ náà, òun ò gba ìdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìtú, bí olówó ọjà bá fẹ́ bú òun, kó bú òun.

"Tú u, ọkọ mi," ló wí.

Mo sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù, àti pé bí mo bá tú ọ̀kan, mẹ́rin ló ń tú fúnra wọn níbòmíràn. Òótọ́ ni. Mo sọ fún kọ̀ǹpáílà pé ọjọ́ ìbí nìkan ni kó máa gbà nínú àkójọ kan, ló bá ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo àkójọ yẹn ti di ìbéèrè. Mo lọ tún ibẹ̀ ṣe, ìyẹn náà tún gbé òmíràn dìde. Lọ́jọ́ Tuesday mo bá wọn dé méjìléláàádọ́ta. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, wọ́n di mẹ́tàdínlógójì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni pé mo ṣe nǹkan kan. Iná ń lọ, iná ń bọ̀. Mo jágbe mọ́ ìyàwó ilé tó ń gún elùbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó kàn wò mí pẹ̀lú àánú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe gba orúkọ àwọn èèyàn náà kí n tó dé ibí yìí. Àwọn obìnrin méjì ni ilé ìwòsàn rán káàkiri agbolé, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ dé Mápó, fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kọ orúkọ arúgbó àti ọjọ́ ìbí wọn. Ti ilé tiwa, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, èmi fúnra mi á kọ ti ìyá bàbá mi. Mo jókòó tì í, mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù mi, mo wá béèrè ọdún tí wọ́n bí i.

Ó dákẹ́. Ẹni tó bá dàgbà sí agbolé Ìbàdàn mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọdún sí wọn lórí. Mo tún béèrè. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní fọ́ọ̀mù ló ń béèrè. Ó ní ṣé fọ́ọ̀mù ló bí òun ni. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní ó kéré tán kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà, kí n lè ṣírò rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé mo ti dàgbà," ló wí. "Ṣé irọ́ ni?"

Inú bí mi. Mo máa ń yára bínú, wọ́n sì máa ń sọ nílé wa pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ti jogún rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ọjọ́ ìbí wà, mo kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde: Ó ti dàgbà. Mo ní lọ́kàn pé bí inú mi bá rọ̀, mo máa bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo máa sì padà wá tún un ṣe. Fóònù náà gbà á. Kò ní kò gbà, kò ní kí ni mo kọ yẹn. Mo gbàgbé rẹ̀ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan tí mo máa gbé iṣẹ́ náà lọ, mo ṣe ohun tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ kìíní pé n kò ní ṣe. Java ní ìlà kan tí èèyàn lè kọ sórí iṣẹ́ rẹ̀, tí kọ̀ǹpáílà á fi pa ẹnu mọ́. Kì í tún nǹkan kan ṣe. Ó kàn ń pa á lẹ́nu mọ́ ni. Mo kọ ọ́, mo ní kó tún gbogbo rẹ̀ kà. Kò sí ìkìlọ̀ kankan mọ́. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó mọ́ tónítóní.

Ìyá bàbá mi gbé ojú sókè, ó ní ṣé wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

"Wọ́n ti lọ, Màmá," ni mo wí.

Ó gbàdúrà fún mi títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.

Lọ́jọ́ tí àwọn dókítà náà bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì tẹ ètò mi, orúkọ sì jáde rẹrẹẹrẹ lórí bébà, láìsí àléébù. Gbogbo wọn kí mi kú iṣẹ́. Mo mú ìyá bàbá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi òro tó wà níwájú ilé ìwòsàn, mo fi ìborùn bo orí rẹ̀, a ń retí. Wọ́n pè títí, wọn ò pè é lọ́jọ́ yẹn. Mo ní àwọn tó dàgbà jù ú lọ ló pọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe obìnrin kan tó kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, tó ń pè é ní Màmá. Ó yẹ kí n dìde, kí n béèrè. Ojú ló tì mí, torí èmi ni mo ṣe ètò yẹn, n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi pé nǹkan kan lè ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé bóyá obìnrin náà ni kò gbó lójú. A padà sílé. Ìyá bàbá mi di ọwọ́ mi mú nínú takisí.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun àyìlá, nọ́ọ̀sì pe orúkọ tó gbẹ̀yìn, ó ká bébà rẹ̀, ó fẹ́ wọlé. Àwa tó kù lórí bẹ́ǹṣì wo ara wa. Mọ́kànlá ni àwọn arúgbó tó kù. Bàbá kan tó máa ń rán bàtà nítòsí Mápó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, àwa ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì ní orúkọ wọn ò sí nínú ìwé. Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi lórí itan mi níbẹ̀. Mo yọ ìlà tí mo fi pa kọ̀ǹpáílà lẹ́nu mọ́, mo ní kó tún ètò náà kà, wọ́n sì padà wá, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógójì, bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo wá ń ka ibi tí ọ̀kan nínú wọn ń tọ́ka sí, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ọkùnrin Kánádà kọ sílẹ̀: ohunkóhun tí ètò náà bá mú jáde nínú àkójọ, tí kò bá jẹ́ ọjọ́, kó fò ó, kó máa lọ, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kó má baà dá iṣẹ́ dúró ló ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun pa tirẹ̀ mọ́ lẹ́nu, èmi náà pa tèmi mọ́.

Mo wo àwọn tó fò. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé, wọ́n ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà Bẹẹrẹ nígbà náà. Òmíràn ní òun ju ọgọ́rin lọ dáadáa. Ẹnì kẹsàn-án ni ìyá bàbá mi. Mo ka ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, ó ṣe mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Mo wọlé tọ dókítà ti Òkè-Àdó lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, n kò rántí pé obìnrin ni mí. Ó ní wọ́n ń palẹ̀ mọ́, àwọn àlejò ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n àyè ẹni méjì á ṣì wà. Ẹni méjì péré. Òfin náà ni pé àgbà ló ń ṣáájú, kí n lọ mú àwọn méjì tó dàgbà jù lọ wá.

Mo jáde, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ọdún tí wọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí n kàn kọ ọdún kan tó jìnnà dáadáa fún ìyá bàbá mi ni, á gòkè. Mo fẹ́ ṣe é. N kò ní purọ́, mo fẹ́ ṣe é, mo tilẹ̀ ti tẹ nọ́ńbà kìíní.

Nọ́ọ̀sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún mélòó ni yín. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn gidi. Bàbá oníbàtà ló tún dá sí i.

"Ṣé ọdún lẹ ń wá ni, àbí ẹni tó dàgbà?" ló wí.

Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó dàgbà ni. Bàbá náà ní ṣé wàhálà náà nìyẹn. Ló bá kọjú sí àwọn tó kù, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ara wọn. N kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹnìkan á ní, ìwọ, ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ mi ní kéú, ìwọ ti ṣe wólímọ̀. Òmíràn á ní, àbúrò ìyá mi ló pọ̀n ọ́, èmi sì ni mo máa ń gbé igbá tẹ̀ lé yín. Bí ẹni méjì ò bá mọ ara wọn, wọ́n á wá ẹnì kẹta tó mọ àwọn méjèèjì. Wọn ò dárúkọ ọdún kan. Tó bá jẹ́ pé mo ti ronú ni, ǹ bá ti rántí láti ilé ìwé pé bí a ṣe ń to nǹkan nìyẹn, kò sí ohun tí à ń fi ọjọ́ ìbí ṣe, kí á ṣáà ti mọ ẹni tó ṣáájú láàárín ẹni méjì. Iṣẹ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe tí kò dára, wọ́n ṣe é lórí bẹ́ǹṣì kí omi tó lè hó.

Bàbá oníbàtà ló dàgbà jù, kò sí ẹni tó jiyàn. Ó ku ẹnì kejì. Ó wá ku ìyá bàbá mi àti ìyá kan tó ń gbé Mápó báyìí, tí etí rẹ̀ ti di, tó kàn ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn. Wọ́n bi àwọn tó kù, kò sí ẹni tó mọ èwo nínú wọn ló ṣáájú. Wọ́n bi ìyá yẹn, kò gbọ́. Ìyá bàbá mi nìkan ló kù tí wọ́n lè bi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fún un gan-an. N kò lè sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbọ́ mi. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

"Ohùn ẹ̀rín ẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n látàárọ̀," ló wí. "Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé ọkọ, ó pọn ọmọ ẹ̀ kejì sẹ́yìn, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ṣáájú mi. Ẹ mú un wọlé."

Wọ́n mú un wọlé.

Nínú takisí tó gbé wa padà, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ohun tí dókítà sọ fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sọ nípa ìlà tí mo fi pa àwọn ìkìlọ̀ lẹ́nu mọ́, mo sọ ohun tí mo kọ síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀ nígbà tí inú ń bí mi. Mo retí kó bú mi. Bí a ṣe ń kọjá Ògùnpa ló dáhùn. Ó ní òun ló ní kí n kọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni òun sọ. Ó ní kí n nu ojú mi kí á má baà wọ agbolé bẹ́ẹ̀, kí àwọn ìyàwó ilé má rò pé ẹnìkan kú.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ mọ́, àwọn dókítà ti lọ, ilé ìwòsàn ò sì béèrè. Mo tú àkójọ kọ̀ọ̀kan bí ìdì Gbági, mo yọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta, mo wò ó. Mo pa ibi tí ó ti ń fo èèyàn rẹ́. Mo ṣe àyè fún ẹni tí kò mọ ọdún rẹ̀, kí wọ́n kọ ẹni tó tẹ̀ lé síbẹ̀. Ìkìlọ̀ á di ogún, á di ọgbọ̀n, á tún di mọ́kànlá. Ìyá bàbá mi á béèrè pé ó ku mélòó, màá sọ iye rẹ̀ gan-an fún un. Òjò bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku mẹ́rin.

Ọ̀sán ọjọ́ Saturday kan ni èyí tó gbẹ̀yìn lọ. N kò pa á lẹ́nu mọ́, kò rí nǹkan kan kùn sí mọ́ ni. Mo sọ fún un. Ó ní kí n ka ibi tí òun wà fún òun. Mo ka orúkọ rẹ̀, mo kà á pé ó tẹ̀ lé ìyá Mápó, ẹnì kẹta nínú àwọn mọ́kànlá. Ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ mi," ló wí. "Tan iná fún wa."

Oòrùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó mọ́ kedere lórí orúnkún rẹ̀. Mo dìde, mo lọ tẹ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì padà wá jókòó tì í.

"Mo ti tàn án, Màmá."